Eélòó Ni Íńtánẹ́ẹ̀tì Lọ́dọ̀ Yín?

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ọ̀hún ti dín kù? Ẹsẹ̀ tí o ní ó ń wú ọ nítorí ìdúró nídìí ẹ̀rọ ìlọṣọ ńkọ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Àbúrò rẹ ní kí n kí ọ. Èmi náà kí ọ, àmọ́ inú ń bí mi sí ọ, mi ò sì ní fi ìkíni bò ó mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tí a jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, o bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀ ń fi dátà jẹun níbẹ̀ yẹn ni?" Kí n tó la ẹnu, ó ti gé. Mo pè ọ́ padà, kò wọlé. Mo tún pè, obìnrin inú fóònù yẹn ní owó mi ti tán. Ìdí tí mo fi mú kálámù nìyẹn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí, èmi ni mo máa ń gé nǹkan, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Lẹ́tà lè pẹ́ lọ́nà, àmọ́ bó bá dé, gbogbo rẹ̀ ló máa dé.

Jẹ́ kí n rán ọ létí ohun tó wà nílẹ̀, bóyá iṣẹ́ ti jẹ́ kí o gbàgbé. Ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún ni àbúrò rẹ máa ṣe ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó wà nílùú tí o wà. Inú ilé yìí ló ti máa ṣe é, nídìí kọ̀ǹpútà tí o rà ránṣẹ́, kámẹ́rà á sì máa wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́dún yìí, ọjọ́ orí rẹ̀ á ti kọjá ti àwọn tí wọ́n ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi àti ìwọ mọ̀ pé a ò ní lè san owó ẹ̀kọ́ náà fún un láéláé.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni olùkọ́ tí o bá a wá ń kọ́ ọ lójú kọ̀ǹpútà. Dátà tí o ní kó tó wa lóṣù kan, kò lò ju ọ̀sẹ̀ kan àti díẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́, ẹ̀kọ́ ló jẹ ẹ́. Wíwọ̀n ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n fún wa níbí, bí wọ́n ṣe ń wọn kẹrosíìnì. Bó bá ti tán nínú ìgò, ó tán nìyẹn. Bí olùkọ́ bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, á kàn la ẹnu sílẹ̀ gbagada lójú kọ̀ǹpútà, a ó sì máa wo eyín rẹ̀.

Tún èrò rẹ pa. Jẹ́ kí n gbúròó rẹ.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àbúrò mi. Inú ọkọ̀ ni mo ti ka lẹ́tà yín, ó sì gbà mí lọ́kàn débi pé ọkọ̀ gbé mi kọjá ibi tí mò ń lọ. Ẹsẹ̀ mi ti sàn díẹ̀. Inú ń bí èmi náà, ẹ má bínú pé mo sọ ọ́.

Nínú ilé tí mo ti gba yàrá, íńtánẹ́ẹ̀tì wà nínú owó ilé, bí omi ẹ̀rọ. Mi ò mọ iye tó ń jẹ́ títí lẹ́tà yín fi dé. Mo lọ kan ilẹ̀kùn onílé, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, eélòó lẹ̀ ń san lórí íńtánẹ́ẹ̀tì?" Ó wò mí bí ẹni pé mò ń bèèrè iye owó afẹ́fẹ́. Nígbà tó dárúkọ rẹ̀, Bàbá, iṣẹ́ wákàtí méjì ni fún mi. Àwa márùn-ún là ń lò ó nínú ilé náà, tọ̀sán tòru, kò sẹ́ni tó ń wọn ohunkóhun. Ẹni tó wà ní yàrá kejì sí tèmi máa ń tan sinimá sílẹ̀ fún ológbò rẹ̀ bó bá ń lọ síbi iṣẹ́, kí ó má baà dá nìkan wà.

Mo wá wo iye tí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó dé àdúgbò wa ń gbà lóṣù, mo yí i sí owó ibí. Kò tó èyí tí onílé mi ń san. Ó dín, Bàbá. Kí wá ni gbogbo ariwo pé ó wọ́n, ó wọ́n? Lójoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ pé ó wọ́n.

Mo ti sanwó fún wọn. Wọ́n máa wá so àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì sílé, aláìlópin ni wọ́n pè é. Kò sí ìwọ̀n níbẹ̀, kò sí pé ó ku díẹ̀. Ẹ ṣáà tàn án, kí ẹ gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹ bá tún sọ fún mi pé ó ti tán, màá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mìíràn ló wà ńlẹ̀.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Àkọ́bí mi,

Mo rí ìwé rẹ gbà. Bá mi kí ológbò yẹn, torí ó jọ pé ayé ẹ̀ dára ju ti gbogbo wa lọ.

O ní o yí owó wa sí owó ọ̀hún, ó sì kéré. Ta ló ní kí o yí i? Owó nìkan lo yí, o ò yí ẹni tó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ìwọ fi wákàtí méjì lọ aṣọ, o ti san án. Kí èmi tó lè san án, mo ní láti ṣe odindi ilẹ̀kùn méjì àti fèrèsé kan, kí oníbàárà tó gbé e náà sì jẹ́ irú èyí tó máa ń sanwó. Sọ fún onílé rẹ pé kó pín owó oṣù rẹ̀ sọ́nà mẹ́rin, kó kó ọ̀kan fún àwọn oníńtánẹ́ẹ̀tì. Ká wá wò ó bóyá ológbò á tún rí sinimá wò.

Wọ́n ti gbé àpótí náà dé. Ọmọkùnrin tó wá so ó gun òrùlé wa, ó láàgùn tí ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ ọn lára. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, mo gbé omi fún un, ó jókòó sórí pákó ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo bi í pé kí ló dé tó fi wọ́n tó báyìí.

Ó ní, "Bàbá, abẹ́ òkun ni íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa o. Bó bá gúnlẹ̀ sétí òkun tán, kò sí wáyà tó máa gbé e dọ́dọ̀ yín. Orí òpó gíga kan la ti ń jù ú sórí òmíràn. Òpó kọ̀ọ̀kan ló ní jẹnẹrétọ̀ tiẹ̀, torí iná kì í dúró, epo dísù ni jẹnẹrétọ̀ sì ń mu láti àárọ̀ dalẹ́. Ká tiẹ̀ ní a fẹ́ ri wáyà mọ́lẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ tá a bá gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀ kọjá á ní ká wá san tòun. Irin iṣẹ́ wa ńkọ́? Owó òkèèrè la fi ń rà á. Ilé mẹ́ta péré ló sì ń sanwó ní gbogbo àdúgbò yìí. Ilé mẹ́ta ló ń bọ́ òpó kan."

Mo ní kí ló fà á tó fi jẹ́ ilé mẹ́ta péré. Ó ní nítorí pé ó wọ́n. Mo ní kí ló fà á tó fi wọ́n. Ó ní nítorí pé ilé mẹ́ta péré ni. Mo gba ife mi lọ́wọ́ ẹ̀.

Kó tó lọ, mo bi í bóyá ilé iṣẹ́ mìíràn ń bọ̀ ní àdúgbò wa, kí ilé iṣẹ́ tiwọn náà lè dín owó wọn kù. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, bí inú bá bí yín sí wa, ọ̀dọ̀ ta lẹ fẹ́ gbà lọ?"

Àpótí náà ń ṣẹ́jú lórí tábìlì báyìí. Mo ti mọ bí mo ṣe máa tọ́jú ẹ̀. Bí àbúrò rẹ bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́, màá tàn án. Bó bá parí, màá yọ wáyà ẹ̀, màá tì í mọ́ inú àpótí irinṣẹ́ mi, láàárín ayùn àti òòlù. O ní kì í tán. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì rí ohun tí èèyàn ń fowó rà tí kì í tán.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Mi ò lè kí yín gùn lónìí.

Olùkọ́ àbúrò mi kọ̀wé sí mi. Ó ní ọmọ náà ti pa ẹ̀kọ́ jẹ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo bi í nídìí ẹ̀, ó ní ọmọ náà sọ pé Bàbá jáde lọ fi fèrèsé sílé oníbàárà, kọ́kọ́rọ́ àpótí irinṣẹ́ sì wà lápò Bàbá. Mo ka ìwé yẹn níwájú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ojú tì mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún wọn pé bàbá mi ti íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ àpótí?

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ọmọkùnrin yẹn sọ fún yín, mo sì gbà pé òótọ́ ni. Níbí, wáyà ti wà nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ti tẹlifóònù ni wọ́n kọ́kọ́ rì, ìjọba bá wọn dá sí i, wọ́n sì ti jèrè ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Iná kì í lọ. Ilé iṣẹ́ mẹ́rin ló ń du onílé mi mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ti ìwé bọ abẹ́ ilẹ̀kùn wa pé kó wá sọ́dọ̀ àwọn, àwọn á bá a dín in kù. Mo mọ̀ pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ yín níbẹ̀. Àmọ́ mo ti bá yín san owó ìyà náà, ẹ sì tún ń jẹ ẹ́ síbẹ̀.

Kì í ṣe kẹrosíìnì. Aláìlópin ni. Ẹ tàn án, kó máa tàn tọ̀sán tòru. Bí mo bá tún gbọ́ pé ẹ pa á, màá fi sílẹ̀, mi ò sì ní san ti oṣù tó ń bọ̀.

Ohun kan tún wà lọ́kàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Bàbá, ṣé ẹ tiẹ̀ fẹ́ kí àbúrò mi wá? Láti ìgbà tí Màámi ti kú, ẹ̀yin àti òun nìkan lẹ jọ wà nílé yẹn. Bó bá jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ kó lọ, ẹ fi ẹnu sọ ọ́. Ẹ má fi kọ́kọ́rọ́ sọ ọ́.

Ọmọ yín


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Mo rí ọ̀rọ̀ rẹ gbà. Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìbéèrè tí o bi mí níparí ìwé rẹ, mi ò ní dáhùn ẹ̀.

Mo ti tàn án. Láti ọjọ́ tí ìwé rẹ ti dé, mi ò pa á rí. Mo tilẹ̀ fi pákó pẹlẹbẹ kan bo ibi tí wọ́n ti ń pa á, mo kàn án níṣòó, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má baà kan ibẹ̀.

Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa wá, ó ní kí n jẹ́ kí òun fi wo bọ́ọ̀lù díẹ̀. Ṣé kí n sọ fún un pé kò sí, nígbà tí ohun tí kì í tán wà nílé mi? Àwọn ayálégbé ẹ̀yìnkùlé náà wá, tọmọtọmọ. Wọ́n jókòó sórí pákó mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí fóònù. Mi ò lè lé wọn. A jọ ń gbé ni.

Ó ti ń wọ́ báyìí. Olùkọ́ ti tún ń la ẹnu sílẹ̀. Mo pe ilé iṣẹ́ náà, wọ́n fi orin dá mi lóhùn títí, kí ọmọbìnrin kan tó gbé e. Ó ní aláìlópin ni lóòótọ́, àmọ́ bó bá ti dé ibì kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jẹ́jẹ́ títí oṣù á fi yí. Mo ní ṣé ibi tó máa dé yẹn ni òpin ẹ̀? Ó ní rárá o, kò lópin. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Oṣù tiwọn, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ló ń yí. Ìdánwò, ọjọ́ kejìlá. Àbúrò rẹ ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ìwé lásán ni ìdánwò náà, kì í jẹ dátà tó àwòrán olùkọ́. Mo ti ra dátà sínú fóònù mi, kó wà nítòsí. Bó bá yọnu, mo wà níbẹ̀.

Àmọ́ mi ò ní pa á o. Ìwọ lo ní kí n tàn án.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù karùn-ún

Bàbá,

Wọ́n ti kọ̀wé. Wọ́n ní àbúrò mi ṣe màgòmágó, wọ́n sì ti fagi lé ìdánwò rẹ̀.

Wọ́n fi àwòrán kan sínú ìwé náà. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ yín, lẹ́búlẹ́bú pákó ṣì wà lórí yín, ẹ̀ ń na fóònù sí i. Ọwọ́ ọmọ náà wà lókè, ó ń lé yín jáde. Èmi mọ̀ pé ó ń lé yín jáde. Àwọn ò mọ̀. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀ ni pé ẹnì kejì wà nínú yàrá, pé ó gbé ìdáhùn wá nínú fóònù.

Ó ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Nẹ́tíwọọ̀kì dúró, ó pariwo, ẹ sáré wọlé. Ìgbà tí ẹ dé àárín yàrá ni kámẹ́rà padà. Bó bá jẹ́ pé ẹ dúró síta ni, wọn ì bá dárí jì í pé ó gé. Kí lẹ wọlé lọ ṣe? Ṣebí mo fi òfin ìdánwò ránṣẹ́? Ṣebí ó wà níbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé?

Òní náà ni ìwé yín ti oṣù kẹrin ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ mọ̀ pé ó ń wọ́. Ẹ mọ̀ pé oṣù wọn ò ní yí kí ọjọ́ ìdánwò tó pé. Ẹ kàn án níṣòó kí ẹ lè fi hàn mí pé mo ṣe àṣejù. Ẹ ti fi hàn mí. Àbúrò mi lẹ fi kọ́ mi lọ́gbọ́n, Bàbá.




Ọjọ́ ogún, oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Mo kí yín. Ẹ ò fèsì. Mo pe fóònù, àbúrò mi ní ẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè lẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Mo kọ̀wé sí àwọn onídánwò, mo bẹ̀ wọ́n, mo ṣàlàyé bó ṣe rí. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò ló gbọ́dọ̀ rí i pé íńtánẹ́ẹ̀tì òun dúró dáadáa, pé kì í sì í ṣe nǹkan tó wọ́n níbikíbi mọ́ lóde òní. Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn títí aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan fi jó mọ́ mi lọ́wọ́. Kì í ṣe nǹkan tó wọ́n. Èmi náà sọ irú ẹ̀ sí yín nínú oṣù kejì, ó sì dùn lẹ́nu mi nígbà yẹn. Nígbà tí mo rí i lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àfi bí ẹni pé wọ́n bú Màámi.

Mo jókòó, mo ka ìwé àdéhùn àpótí yẹn dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ohun tí ọmọbìnrin yẹn sọ fún yín wà níbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ kéré ju ẹsẹ̀ èèrà lọ. Òótọ́ lẹ sọ, ó máa ń tán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ èébú ni.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlá, oṣù keje

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àárẹ̀ iṣẹ́. Èmi àbúrò yín ni mo kọ ìwé yìí. Bàbá ò mọ̀, wọ́n ti lọ ra pákó.

Wọ́n gba ìwé yín méjèèjì. Wọ́n kà wọ́n, wọ́n ká wọn, wọ́n fi wọ́n sápò. Mo ní kí wọ́n fèsì, wọ́n gbé òòlù wọn, wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ìbéèrè tó wà lójú kọ̀ǹpútà nígbà tó dúró, mo mọ ìdáhùn ẹ̀. Wọ́n ní bí èèyàn bá ṣubú lulẹ̀ lójú yín, kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe? Mo mọ̀ ọ́n. Mò ń tẹ̀ ẹ́, kò lọ. Mo pariwo pé, "Ó ti dúró." Mi ò pe Bàbá o, àmọ́ ṣé wọ́n lè gbọ́ ohùn mi báyẹn kí wọ́n má wọlé? Nígbà tí gbogbo ẹ̀ bàjẹ́ tán, mo bi wọ́n nídìí tí wọ́n fi wọlé. Wọ́n ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́." Ohun tí wọ́n sọ nìyẹn.

Láti ìgbà tí ìwé yín ti oṣù karùn-ún ti dé, Bàbá máa ń kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó wọ ibi tí mo bá wà. Àwọn fúnra wọn ló ṣe gbogbo ilẹ̀kùn ilé yìí. Bí mo bá wà ní pálọ̀ tí wọ́n fẹ́ mú òòlù wọn, wọ́n á dúró síta, wọ́n á ní, "Ṣé mo lè wọlé?" Mo ti bẹ̀ wọ́n títí. Àná ni mo jágbe mọ́ wọn pé kí wọ́n yéé kanlẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ náà wá di ẹkún sí mi lẹ́nu.

Inú ń bí mi sí ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ̀yin ní kí ó máa tàn, Bàbá ní kí ó wà ní títì, ẹ̀ ń fi ìwé sọ̀kò sí ara yín kọjá lórí mi, kò sì sẹ́nì kankan nínú yín tó bi mí. Èmi ni mò ń lò ó. Kí ẹ ti fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ni, màá tàn án nígbà ẹ̀kọ́, màá pa á lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ á sì tán.

Mo ti kọ ìwé tèmi sí àwọn onídánwò. Ó wà nínú àpò ìwé yìí. Ẹ má fi ránṣẹ́, ẹ gbé e lọ fún wọn lọ́wọ́, kí ẹ dúró kí wọ́n kà á. Ẹ má tún un ṣe, ẹ má fi ẹ̀bẹ̀ kún un. Mo kọ ìdáhùn ìbéèrè yẹn sí ìsàlẹ̀ ẹ̀: màá sáré lọ bá a, màá pè é wò bóyá á dáhùn.

Àbúrò yín


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹjọ

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mi ò sì tíì dìde.

Mo gbé ìwé àbúrò mi lọ fún àwọn onídánwò. Obìnrin tó jókòó síbẹ̀ ní kí n fi sílẹ̀. Mo ní ẹni tó kọ ọ́ ní kí n dúró. Ó kà á. Nígbà tó dé ibi ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀, ó bọ́ awò ojú ẹ̀, ó dìde, ó gbé e wọlé lọ bá ọ̀gá ẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí n dúró títí ó fi rẹ̀ mí. Inú ń bí mi, àmọ́ àbúrò mi ní kí n má bẹ̀bẹ̀, mi ò bẹ̀bẹ̀.

Wọ́n gbà kí àbúrò mi tún ìdánwò náà ṣe ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án. Bí nẹ́tíwọọ̀kì bá gé, wọn ò ní kà á sí i lọ́rùn, bó bá ti jẹ́ pé nígbà tí kámẹ́rà bá padà, òun nìkan ló wà nídìí tábìlì, tí ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì sì hàn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn, kò sí ẹ̀ẹ̀kẹta.

Bàbá, ẹ yọ ìṣó yẹn. Ẹ ti àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ inú àpótí irinṣẹ́ bí ẹ ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí ẹ fún àbúrò mi ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ bá mi bẹ onígbàjámọ̀ àtàwọn ayálégbé pé kí wọ́n má lò ó títí ìdánwò á fi parí.

Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ sí yín. Àti ti kọ́kọ́rọ́, àti ti àwòrán yẹn. Àwòrán yẹn wà lọ́wọ́ mi. Mo tún un wò, mo rí bí ẹ ṣe sáré tó, bàtà yín kan ò sí lẹ́sẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kanlẹ̀kùn mọ́ nínú ilé yín.

Ọmọ yín


Ọjọ́ ogún, oṣù kẹwàá

Àkọ́bí mi,

Dìde. Ó ti tó bẹ́ẹ̀.

Àbúrò rẹ ti sọ fún ọ pé ó yege, pé wọ́n ti gbà á, pé oṣù kìíní ló máa wá bá ọ. Gbogbo àdúgbò ló ń kí mi kú oríire. Onígbàjámọ̀ gé irun mi lọ́fẹ̀ẹ́. Mò ń dá wọn lóhùn, mò ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ó ní ohun tí kò lè sọ fún ọ, torí inú yàrá ló wà, ìta ni èmi wà.

Lọ́jọ́ ìdánwò, kò sẹ́ni tó tan fóònù ní gbogbo agboolé. Mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo jókòó. Ó lọ dáadáa títí dé àárín. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó ní, "Ó ti dúró." Ohùn tọjọ́ kìíní náà ni. Bóyá dísù ló tán lórí òpó wọn, bóyá jẹnẹrétọ̀ ló kọṣẹ́, mi ò mọ̀, wọn ò sì sọ fún wa dòní.

Mo ti dìde kí n tó mọ̀ pé mo dìde. Ọwọ́ mi ti wà lára ilẹ̀kùn. Fóònù wà lápò mi, dátà kún inú ẹ̀. Mo rántí pé kò sí ẹ̀ẹ̀kẹta, mo padà jókòó.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kò ké, torí kò mọ ìgbà tí kámẹ́rà á jí, àmọ́ mò ń gbọ́ bó ṣe ń fa imú. Ó ní, "Bàbá." Ẹ̀ẹ̀kan ló sọ ọ́. Mi ò dáhùn, nítorí mi ò mọ̀ bóyá wọ́n lè gbọ́ ohùn. Onígbàjámọ̀ wò mí láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó wò mí bí ìkà èèyàn. Mo di àga mú. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ kọ̀ǹpútà padà.

Inú ṣì ń bí mi. Kì í ṣe sí ọ mọ́, kì í sì í ṣe sí ọmọkùnrin tó láàgùn lórí òrùlé wa. Mo gbọ́ ti òkun, mo gbọ́ ti dísù, mo gbọ́ ti ilé mẹ́ta. Ó yé mi, kò sì tù mí nínú.

O bi mí nígbà kan bóyá mo fẹ́ kó lọ. Mo fẹ́ kó lọ. Mo sì mọ bí ilé yìí ṣe máa rí lọ́jọ́ kejì.

Bí onílé rẹ, tàbí àwọn tó ní kì í ṣe nǹkan tó wọ́n, bá tún bi ọ́ pé eélòó ni íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ wa, má yí owó kankan fún wọn. Sọ fún wọn pé ọmọ mi pè mí láti inú yàrá, ó ń sunkún, mo sì jókòó.

Bàbá rẹ